Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Iye

Àká kọ ìka ọmọ náà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Orí yìí kò sí nínú iye," ni ẹ̀rọ náà wí, pẹ̀lú ohùn akọ̀wé tó ti jẹun yó. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú orí tó kàn wá."

Ìbírónkẹ́ fi òwú nu àtàǹpàkò ọmọ náà. Ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu dígí Àká pẹ̀lú, bóyá iyọ̀ òkun ló bò ó lójú. Ó rọra tún gbé ìka náà lé e. Iná pupa tún tàn.

"Orí yìí kò sí..."

"Mo ti gbọ́! Ṣé adití ni mí ni?" Ìbírónkẹ́ jágbe mọ́ ọn, bí ẹni pé ojú máa ń ti ẹ̀rọ.

Àwọn ìyá tó wà lórí ìlà wo ara wọn, wọ́n wo omi. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló ṣì ń dúró lórí pátákó èbúté Orí-Ìgbì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òmíràn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, òmíràn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, oòrùn sì ń pa gbogbo wọn. Ìlú tó léfòó lórí àgbá ike ni Orí-Ìgbì. Ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òkun tó gbà á, àwọn àgbà nìkan ló rántí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí kò mọ bí Àká ṣe ń ṣe. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ó dúró sí àárín ọkọ̀ ìlera, ó sì ti po abẹ́rẹ́ sínú ikùn ara rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lórí ilẹ̀ òkè: ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó ni ín. Kò lé kan, kò dín kan. Iye tí Ìbírónkẹ́ fúnra rẹ̀ kà ni.

Ẹ̀gbà kan wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbírónkẹ́ tó ní iná méjì. Funfun ni ti ìṣègùn: òun ló ń fún ọwọ́ rẹ̀ láṣẹ láti fara kan aláìsàn. Èkejì láwọ̀ aró, ti ìlera àgbáyé: òun ló ń fún un láṣẹ láti kọ iye sínú Ìwé Orí. Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìwé Méjì ló fi í sí i lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní dókítà tó mọ ara ènìyàn kan tí kò mọ ayé, ìdajì dókítà ni. Òní ni àṣekágbá. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá ti gba abẹ́rẹ́, tí omi òkun fà, tí ọkọ̀ ṣí, iná méjèèjì á papọ̀ di ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí méjèèjì á sì bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ti ń dúró dè é ní Nairóbì. Bàbá rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn tí kò béèrè.

Ó wá gbójú sókè wo ẹni tó gbé ọmọ náà wá. Ìyá Ṣẹ̀gi ni, obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́bàá afárá kejì.

"Ìyá Ṣẹ̀gi, ọmọ ta nìyí?"

Obìnrin náà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọmọ mi ni, Dókítà."

"Ọmọ yín mẹ́rin ti gba tiwọn láàárọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun."

"Mẹ́rin lẹ ní kí n kọ."

"Mẹ́rin ni mo ní kẹ́ ẹ kọ."

Ìbírónkẹ́ bẹ àwọn tó wà lórí ìlà pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun díẹ̀, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó sì mú ìyá rẹ̀ wọ inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn Àká. Ó fa ilẹ̀kùn dé.

Ọmọbìnrin ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀. Iyọ̀ ti hù sí i níwájú orí àti ní ẹ̀yìn ọrùn, ó funfun bí ìgbà tí wọ́n bu ìyẹ̀fun kùn ún. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnì kankan. Ìbírónkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó yára mú ọwọ́ kúrò.

"Gìrì ti mú un?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìdájí òní."

"Láti ìdájí! Kí lẹ wá ń dúró dè látàárọ̀?"

"Mo fi omi dídùn wẹ̀ ẹ́. Mo rò pé á lọ."

Ibà iyọ̀ kì í lọ. Ìbírónkẹ́ mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tí gìrì mú lẹ́ẹ̀kan á yè bí abẹ́rẹ́ bá tètè wọlé. Èyí tó bá mú lẹ́ẹ̀mejì, agbára káká ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta kì í sí.

Ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló wá ka ìlú yìí, kó lè fi iye náà kọ ìwé àṣekágbá ti àgbáyé. Òfin ìkànìyàn kò lọ́jú pọ̀: to àwọn ọmọ, fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan, kí o pe nọ́ńbà sókè. Ní ilé tó kù, kò tiẹ̀ nílò wàhálà. Àwọn ọmọ ló ń sáré jáde fúnra wọn láti wá wo iná ọwọ́ rẹ̀. Ilé Ìyá Ṣẹ̀gi nìkan ni kò ti sí ọmọ tó jáde. Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?" Obìnrin náà ń yí ẹja lórí ààrò, ó ní Ọlọ́run ló ni wọ́n. Ìbírónkẹ́ tún bi í. Ó ní, "Ẹ kọ mẹ́rin." Lẹ́yìn àtẹ ẹja, ojú kékeré méjì ń yọ́ wò ó. Ìbírónkẹ́ rí i. Ó rí i kedere! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró nínú ilé ọlọ́mọ, kó máa na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, kó máa ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ìyá àgbà tó tọ́ ọ bá wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ì bá gbọ́ ìró ìgbátí. Ó kọ mẹ́rin, ó dúpẹ́, ó gba ẹja tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó yẹ ìwé náà wò sì yìn ín gidigidi, wọ́n ní ó mọ ọ̀wọ̀ àwọn ará ìlú. Ẹ ò rí nǹkan?

Ó tẹ ògiri. Dígí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàṣá sì yọ láti Ilé-Ẹ̀kọ́ lókè lọ́hùn-ún. Bàbá náà ló kọ́ ọ ní ìwé méjèèjì. Ó ti wọ agbádá òde.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, Ìbírónkẹ́ wa! Ṣé o ti parí? À ń to àga o. Bàbá rẹ ti dé láti àná, ó ti jókòó sí iwájú pátápátá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀."

"Sà, orí kan wà níbí tí kò sí nínú iye."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá náà díẹ̀díẹ̀. "Àlejò ni. Ó wọ̀lú lẹ́yìn tí o kà tán."

"Rárá, sà. Ọmọ ibí ni."

"A jẹ́ pé wọ́n gbé e pamọ́. O kò rí i."

Ó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ìbírónkẹ́ mọ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kó fi wọlé.

"Mo rí i, sà. Mi ò kà á."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàṣá bọ́ fìlà, ó gbé e sórí itan. "Háà, Ìbírónkẹ́. Kí lo wá ń sọ ọ́ sí mi létí fún?"

"Ibà iyọ̀ ti mú un. Gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ ṣí iye, sà, kí n fi orí kan kún un."

"Iye tí wọ́n bá ṣí, ó túká. Ìwọ náà mọ̀. Àká á ti ara rẹ̀, ọkọ̀ á padà, ó di oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó rán ẹlòmíràn wá tún wọn kà. Ọmọ mélòó ló kù lórí ìlà?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Àti abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún gbogbo ìyókù. Ṣé torí ọ̀kan ni wàá fi ìlú kan ṣòfò?"

"Ṣé mi ò lè fún un ní ti ẹlòmíràn? Bóyá ọmọ kan wà tí ara rẹ̀ le..."

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi po abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Lára ọmọ míì, májèlé ni. Ọdún kejì ni mo kọ́ yín ní ìyẹn."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí aláìsàn tó wà níwájú mi kú, tí mo bá ní ohun tí mo lè ṣe."

"Èmi ni. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé gbogbo ayé ni aláìsàn rẹ. Ìdí tí a fi so ìwé méjèèjì pọ̀ nìyẹn, kí ọ̀kan má bàa máa tan èkejì jẹ."

"Ọrùn mi lẹ so wọ́n mọ́, sà."

Ìbírónkẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé láàárín wọn, ó mọ ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ni.

"Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí kò lórúkọ wà nínú ọkọ̀ yìí," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ti ọmọ òṣìṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìbírónkẹ́. Má dán an wò."

"Òfin ní òṣìṣẹ́ lè gba ọmọ tọ́ níbikíbi tí iṣẹ́ bá gbé e dé. Ti ọmọ òṣìṣẹ́ kì í wọ iye ìlú. Kò sí ohun tó máa túká."

"Ìwọ lo máa túká!" Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàṣá wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Ọmọ omi kì í gun òkè. Òfin ni. Ẹni tó bá sì gba ọmọ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ títí á fi pé ọdún méjìdínlógún. Òfin nìyẹn náà. Ọdún méjìlá lórí àgbá ike! Òṣìṣẹ́ àgbáyé tó ní ibi tó so ó mọ́lẹ̀, iná aró rẹ̀ á kú. Bí iná kan bá sì kú..."

"Èkejì kú."

"O fọwọ́ sí i."

"Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo fọwọ́ sí i, sà."

"Ọ̀dọ́ kì í ṣe àwíjàre." Ó nu ojú. Ó jọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ lé mẹ́wàá sí i níjòókòó tó jókòó. "Àwọn kan wà tí a kì í lè gbà là, Ìbírónkẹ́. Gbogbo wa la ní tiwa. Tèmi ń bọ̀ lójú oorun mi títí dòní. Pe orí tó kàn. Bàbá rẹ ń bọ̀ níbí yìí, kí ni kí n sọ fún un?"

Ìbírónkẹ́ tún tẹ ògiri. Dígí ṣókùnkùn.

Yàrá náà gbóná. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó wo ilẹ̀kùn, ó rò ó wò: ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni, kó jáde, kó ní "orí tó kàn", kó gún mọ́kànlélógójì, kó wọkọ̀. Lálẹ́ òní á jókòó ti bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi í. Ọmọ tí kò sí nínú iye, bó bá kú, kò kú níbì kankan. Ìrònú yìí ló ba Ìbírónkẹ́ lẹ́rù jù, torí pé ó tọ́, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá.

Ìbínú rẹ̀ bá wá ibi tí ó máa gbà jáde.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́ fún mi, Ìyá Ṣẹ̀gi? Kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ sọ mí sí!"

Ìyá Ṣẹ̀gi jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, orí ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Mo bí méjì lẹ́yìn àwọn mẹ́rin yẹn, ṣáájú rẹ̀, Dókítà. Àwọn oníkànìyàn ìgbà yẹn wá, wọ́n tò wọ́n, wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n lórí bí ẹní ń ka àgbọn. Ọdún ò yípo, mo sin àwọn méjèèjì sómi. Nígbà tí èyí dé, mo sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún, mo ní àwọn mẹ́rin ti wà nínú ìwé ná, ẹnikẹ́ni ò ní ka èyí fún mi." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu iyọ̀ kúrò lójú ọmọ náà. "Ẹ̀yin náà rí i lọ́jọ́ náà. Ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin lẹ́yìn àtẹ ẹja. Ẹ gbójú kúrò. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún yín láti ìgbà náà."

Ìbírónkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èwo ló kan ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ̀? Obìnrin yìí fi ọmọ pamọ́ kó má bàa kú. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́fà, tó mọ ohun tí iye wà fún, òun ló gbójú kúrò.

"Ọ̀nà kan ló kù," ó wí nígbẹ̀yìn. "Kò dáa. Mo máa dúró níwájú Àká, mo máa sọ pé èmi ni ìyá rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi. Mi ò sì ní kúrò ní Orí-Ìgbì mọ́."

"Ẹ máa tọ́jú rẹ̀ fún mi nínú ìwé. Mo ti gbọ́. Ọlọ́run á..."

"Ẹ ò tíì gbọ́. Àká á béèrè bóyá ẹlòmíràn wà tó ń pè é lọ́mọ. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, ẹ̀yin ló máa bi. Ẹ máa sọ lẹ́nu ara yín pé ẹ kọ́ lẹ bí i."

Ìyá Ṣẹ̀gi wò ó bí ẹni pé ó sọ èdè míì. "Kí n sọ kí ni?"

"Pé ẹ kọ́ lẹ bí i."

"Lẹ́nu tèmi yìí? Ọmọ tí mo gbé sínú oṣù mẹ́sàn-án, tí mo fi pamọ́ fún ọdún mẹ́fà? Ẹ̀yin ọmọ yìí! Mi ò kà á ni, mi ò sọ pé mi ò ní i!" Ó lu itan pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ wá nǹkan míì. Ẹ ti kàwé, ìwé méjì lẹ kà, ẹ wá nǹkan míì!"

Kò sí nǹkan míì. Kí Ìbírónkẹ́ tó lè sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìka ọmọ náà ká wọ inú ara wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ le, eyín rẹ̀ pàdé pẹ̀lú ìró tí àwọn méjèèjì gbọ́. Ìbírónkẹ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó di orí rẹ̀ mú, ó ń kà nínú ọkàn. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì kí ara rẹ̀ tó dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Ìyá Ṣẹ̀gi ti dìde, ó ti di gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí.

"Ẹ gbé e," ó wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e."

Wọ́n jáde sí iwájú Àká. Gbogbo ojú tó wà lórí èbúté ló bọ́ sára wọn. Ìbírónkẹ́ gbé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lé dígí, ó sọ ohun tó fẹ́, iná Àká sì yí láti pupa sí òféfèé.

"Ta ni ìyá orí yìí?"

"Èmi ni. Ìbírónkẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera, iná méjì."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé iná yín á kú bí ọkọ̀ yìí bá ṣí?"

"Mo mọ̀."

"Ohùn kejì wà nítòsí. Ẹni tó gbé orí yìí wọlé ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Ìyá Ṣẹ̀gi dúró. Gbogbo àwọn obìnrin orí ìlà wà níbẹ̀ o, kò sì sí èyí tí kò mọ ọmọ ẹni tí Rẹ̀mílẹ́kún í ṣe. Èyí tó gbẹ̀bí rẹ̀ pàápàá wà lórí ìlà, ó pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnì kan, gbogbo rẹ̀ bà jẹ́. Ìyá àgbà yẹn ló kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn sí Àká, ó kọjú sí òkun. Èyí tó tẹ̀lé e yí padà. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí ojú kankan tó ń wò mọ́.

"Mi ò bí i," ni Ìyá Ṣẹ̀gi wí.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

"Mi ò bí i! Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"Ó ti wọlé," ni Àká wí. "A ó fi ẹ̀gbà sí orí yìí lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, títí ọkọ̀ á fi gbé abẹ́rẹ́ kejì àti ìkẹta padà wá. Ẹ̀gbà náà ń gbọ́ ohùn. Bí ẹlòmíràn bá jẹ́ ìpè orí yìí gẹ́gẹ́ bí ìyá, orí yìí á jáde nínú ìwé, abẹ́rẹ́ tó kù á sì dúró. Ẹ kú ewu ọmọ."

Ẹ̀gbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ jáde, ó ká ọrùn ọwọ́ ọmọ náà. Abẹ́rẹ́ aláìlórúkọ náà tẹ̀lé e. Àká gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ó pò ó, ó dá a padà. Ìbírónkẹ́ gún un sí itan rẹ̀. Ó ti gún àwọn tó lé ní igba lọ́sẹ̀ náà. Èyí nìkan ló wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Orí tó kàn." Kí ló tún kù tó lè ṣe? Ó gún gbogbo mọ́kànlélógójì. Kò sí ìyá tó bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn fọwọ́ tọ́ ọ léjìká bí wọ́n bá ti gba ọmọ wọn, wọ́n á lọ. Èyí tó gbẹ̀bí Rẹ̀mílẹ́kún gbẹ̀yìn wọn, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì sunkún lọ sílé.

Omi fà. Àwọn atukọ̀ kó àpótí Ìbírónkẹ́ sọ̀ sórí pátákó, wọ́n tú okùn. Ọ̀kan nínú wọn ní òun máa bá a kí bàbá rẹ̀. Ó ní kó má kí i. Kí ọkọ̀ tó jìnnà tó ibi tí ohùn kò dé mọ́, iná aró kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń retí pé bóyá, bóyá wọ́n gbàgbé, funfun á kù. Ó kú náà. Ó jókòó lórí àpótí, ó ké gan-an, ó ké bí ọmọdé, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe pé ó ṣe é. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni pé kò sí nǹkan míì tó lè ṣe.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó dìde lọ sí ilé Ìyá Ṣẹ̀gi, níbi tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Òógùn ti bo ọmọ náà, iyọ̀ ti ń yọ́ kúrò níwájú orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti mú un. Á yè. Ìyá Ṣẹ̀gi lóṣòó ti ògiri, ó jìnnà sí ẹní náà, ó gbá ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ àyà.

Ọmọ náà la ojú.

"Màámi."

Ìyá Ṣẹ̀gi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Iná kékeré kan tàn lára ẹ̀gbà ọmọ náà, ó ń gbọ́. Obìnrin náà fa etí aṣọ rẹ̀, ó ki aṣọ náà bọ ẹnu, ó sì fi eyín dì í mú.

"Màámi," ọmọ náà tún pè. Ó ti rí i, ó na ọwọ́ sí i. "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ìyá Ṣẹ̀gi bu omi. Ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀ lọ́nà. Ó mú ife náà kọjá ọwọ́ tó nà sí i, ó gbé e fún Ìbírónkẹ́.

"Èmi nìyí, ọkọ mi," ni Ìbírónkẹ́ wí. Ó gbé ife náà sún mọ́ ètè rẹ̀. "Gba omi."

Ọmọ náà wò ó. Ó pa ẹnu dé, ó yí orí kúrò lára ife. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Ta nìyí?"

Ìyá Ṣẹ̀gi yọ aṣọ kúrò lẹ́nu.

"Màmá rẹ ni," ó wí. "Mu omi ẹ."